Eyín Wo Gan-an Ló Ń Dùn Yín?
(Ọ̀rọ̀ ìlera tí a sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa)

Ọmọ yín ni mí. Ìdí ìsọ̀ ni ìyá mi ti tọ́ mi dàgbà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́ka ìtọ́jú eyín. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí eyín tó ń dunni tí kò lọ bọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Eyín tó ń dùn yín lè má jẹ́ eyín tó ń ṣàìsàn. Bí ìrora bá sì lọ, àìsàn lè má tíì lọ.

Nílé wa, bí eyín bá ti ń dunni, a ó ní kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń yọ ìdin jáde fún èèyàn, wọn á ní ẹ wá wò ó. Ẹ má bínú, kò sí ìdin kankan nínú eyín. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí ló wà níbẹ̀. Bí a bá jẹ ohun dídùn, àwọn náà á jẹ níbẹ̀, wọn á wá tu omi kíkan jáde. Omi kíkan yìí ló ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dihò. Ẹni tó mu míníráàlì ìgò kan tán lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú oúnjẹ sàn ju ẹni tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ tó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ara òde eyín le, kò mọ ìrora. Bí ihò bá wọnú díẹ̀, omi tútù á máa ta á, kíá á tún dáwọ́ dúró. Ìgbà tó rọrùn láti dí ihò náà nìyẹn, ìgbà yẹn gan-an la kì í sì í wá. Bó bá dé mùdùnmúdùn inú eyín, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà, ìrora á máa wá fúnra rẹ̀, pàápàá lóru tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Tíì gbígbóná á ta á, á sì pẹ́ kó tó lọ. Lọ́jọ́ kan, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ ó ní Ọlọ́run ti ṣe é. Iṣan yẹn ló kú o! Ọyún lè máa gbá jọ sídìí eyín náà lábẹ́lẹ̀, tó bá yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo eyín tó ń dunni ló ní ihò. Àwa tá a ń fi eyín ṣí ìdérí ìgò, tá a ń fọ́ egungun àti ẹ̀kùrọ́, tá a sì ń bá òkúta pàdé nínú ìrẹsì, eyín wa lè sán. Irú rẹ̀ sábà máa ń ta yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí eyín kúrò lórí ohun tẹ́ ẹ gé jẹ. Bó bá sì jẹ́ ẹran ìdí eyín ló ń ṣàìsàn, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde tẹ́ ẹ bá ń fọ eyín, eyín á máa mì. Ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ máa ń le jù, nítorí náà ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Èyí tó ṣòro jù ni eyín tó ń purọ́ mọ́ ẹlòmíì. Iṣan eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà jọ ń gba ọ̀nà kan dé ọpọlọ, ọpọlọ sì lè ṣì wọ́n mú. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ wá sọ́dọ̀ wa. Ó ti yọ eyín méjì lókè lápá ọ̀tún níbì kan, ìrora ò kúrò. Dókítà rọra kan àwọn eyín tó kù níkọ̀ọ̀kan, ó fi nǹkan tútù kàn wọ́n, ó ya fọ́tò. Eyín ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́yìn ló ní ihò tí ojú ò rí. Eyín méjì ti lọ, ọ̀daràn jókòó síbẹ̀! Eyín àgbà kì í sì í tún hù, ẹ̀yin ìyá mi.

Nígbà míì, eyín ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀ rárá. Bí ọ̀fìnkìn bá mú yín, tí eyín òkè mẹ́ta mẹ́rin ń dùn pọ̀, tó ń le sí i tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ gbé ẹrù, ó lè jẹ́ ihò inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ló wú. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn ni àgbọ̀n ń dùn yín, tó ń lọ tẹ́ ẹ bá jókòó, ó lè jẹ́ ọkàn ló ń ké. Ẹ tètè lọ bá dókítà. Bí ìrora àgbọ̀n bá sì dé lójijì tí kò lọ, tí àyà ń fún yín, tí òógùn tútù ń bò yín, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni o.

Orín àtá máa ń jẹ́ kí ẹnu kú tipiri, ó sì dára fún fífọ eyín, àmọ́ kò lè dí ihò. Ẹ má da ìyẹ̀fun kápúsù sínú ihò eyín. Ẹ má ki asipirín sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín, ó ń jó ẹran ẹnu. Omi bátìrì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Oògùn ìrora tá a ń mu lójoojúmọ́ lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ ti ro ó dáadáa: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé tútù ló ń ta á àbí gbígbóná, ṣé ó ń jí yín lóru, oògùn wo lẹ ti lò? Ẹ̀ka eyín wà ní UCH n'Íbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, àti ní ọsibítù ńlá Ilé-Ifẹ̀. Àmọ́ bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ẹnu ò ṣeé là, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì tàbí tí mímí ń nira, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ó ń pa èèyàn.

Alága, ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń yọ eyín torí pé yíyọ kò wọ́n tó títọ́jú, àti pé a ò lè ti ìsọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ẹgbẹ́ ń yá wa lówó ra ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìgbìmọ̀ wò ó bóyá a lè rí owó kékeré kan yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú, tí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá láìdúró de ìpàdé oṣù. Mo wà níbí di ìgbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó máa bọ̀.