Bí Lándíọ̀dù Kò Bá Dá Sí Ìjà Alájọgbé

 

Alájọgbé ń da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà yín, ó ń bú ọmọ yín. Ẹ fi sun lándíọ̀dù, ó ní kò kan òun. Kí la fẹ́ ṣe?

Èkíní, ẹ má torí ìbínú dá owó ilé dúró. Tí ẹ bá jẹ owó, ẹ̀yin ni wọn á dá lẹ́bi. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fún lándíọ̀dù ní ìwé kan, kí ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ lọ bá baálé àdúgbò. Nílẹ̀ Ìwó níbí, àgbà ṣì ń parí ìjà.

Tó bá di lílù tàbí ìhàlẹ̀, ẹ lọ sí tẹ̀ṣọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn lábẹ́ òfin. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín torí owó ilé lásán: òfin ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí irú ẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, Legal Aid Council tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976 ń ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má gbé igi o. Ẹni tó kọ́kọ́ nà ló máa jẹ̀bi. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́, a ó sìn yín lọ.