Kí Ẹ Tó Sanwó fún Ẹni Tí Yóò Kọ́ Ajá Yín

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà Ifangni, nítorí olè, àwọn kan nínú yín ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ́ ajá tó ń ṣọ́ ìsọ̀ lóru. Kò burú. Àmọ́ ẹ béèrè ohun tó fi ń kọ́ ajá kí ẹ tó yọwó. Tó bá ní ata àti ẹgba ni, ẹ má gbé ajá fún un. Ajá tí wọ́n fìyà kọ́ lè bu ọmọ yín tó fẹ́ bá a ṣeré jẹ. Ẹni tó mọṣẹ́, oúnjẹ àti sùúrù ló fi ń kọ́ ọ.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀kọ́ kankan kì í dènà dìgbòlugi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, lọ́wọ́ dókítà ẹran. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ajá tí kò béèrè káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀, lójú tèmi, kò mọṣẹ́.

Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, kódà ajá ilé, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi epo tàbí ata sí i o! Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má pa ajá náà. Tó bá ṣeé so láìséwu, ẹ so ó, ká fi ọjọ́ 10 ṣọ́ ọ.

Láti 1885 tí Pasteur ti tọ́jú ọmọ ọdún 9 kan ní Paris ni abẹ́rẹ́ yìí ti ń gba ẹ̀mí là, kí àrùn tó yọjú. Bí omi bá ti ń ba ọmọ lẹ́rù, ó ti pẹ́ jù. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá dá, ẹ gbé ọmọ wá.