Ilà Orí Káàdì Alájọ àti Owó Orí Fóònù
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú)

Ẹ má bi mí léèrè pé kí ni olùkọ́ mọ̀ nípa owó. Ìwé kíkà ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ owó sì ti di ọ̀rọ̀ ìwé kíkà.

Gbogbo wa ni a mọ alájọ. Bí ó bá ti gba owó, yóò mú káàdì jáde, yóò sì fa ilà sí i lójú ẹni tí ó dá a. Ìyá tí kò dé ilé ẹ̀kọ́ rí lè ka ilà náà fúnra rẹ̀, kí ó sì mọ èyí tí í ṣe ti alájọ. Ohun tí ó mú kí àjọ fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa nìyẹn.

Ilé ìfowópamọ́ náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Olóyè Adékọ̀yà Okupe dá Agbọ́nmágbẹ sílẹ̀ ní ọdún 1945. Òun ni ó di Wema. Ní ọdún 2017, Wema yìí kan náà gbé ALAT jáde, tí ènìyàn lè fi fóònù bá dá owó pamọ́ láì wọ inú gbọ̀ngàn báńkì rárá.

Ní oṣù keje ọdún 2013 ni Báńkì Àpapọ̀ mú ètò dídín owó bébà kù dé Ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́yìn tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012. Ọ̀pọ̀ wa kò kà á sí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ó là wá lójú, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó, tí náírà di àwátì, tí ẹlòmíràn ń san ẹgbẹ̀rún méjì kí ó tó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Oníṣòwò tí ó mọ bí a ti ń gba owó sórí fóònù rí ọjà tà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jókòó ti ẹ̀fọ́ rẹ̀ títí ó fi rọ.

Nítorí náà, n kò wá sọ pé kí a sá fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rù tí ń bà mí ni pé a ti gba ẹ̀rọ, a kò sì tíì lè ka ilà rẹ̀. Ẹ lọ dúró ní ìsọ̀ oní-POS. Ìyá àgbà yóò na káàdì sí ọmọdé, yóò sì pe nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè kí ó bá òun tẹ̀ ẹ́. Ẹni mẹ́ta tí ó tò sẹ́yìn ti gbọ́. N kò bú àwọn oní-POS o. Ọmọ tí mo kọ́ pọ̀ nínú wọn, olóòótọ́ sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni í fi kọ́kọ́rọ́ àpótí owó rẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí ń wọlé sórí fóònù pé owó ti dé. Gbájúẹ̀ lè fi í ránṣẹ́ láìsí kọ́bọ̀ kan nídìí rẹ̀. Kí aláṣọ kọ́kọ́ wo iye tí ó wà nínú àpò ìfowópamọ́ rẹ̀, kí ó tó di ẹrù fún oníbàárà.

Ẹlòmíràn yóò ní, bí báńkì bá wó ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank. Àjọ NDIC ni onídùúró irú òfò bẹ́ẹ̀: láti ọdún náà, ó lè san tó ₦5,000,000 fún olówó kọ̀ọ̀kan ní báńkì ńlá, àti ₦2,000,000 ní báńkì kékeré. Nọ́ńbà BVN ni ó sì fi wá àwọn olówó náà rí. Alájọ tí ó bá sá lọ kò ní onídùúró kankan.

Ó ku ìdójútòfò ọkọ̀. Àwọn ará wa ní Mòwé àti Ìbàfò, lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, mọ ìjàǹbá ọkọ̀ jù wá lọ. Láti 2023, ₦15,000 lọ́dún ni ti ọkọ̀ aládàáni, èyí tí ó lè san tó ₦3,000,000 fún ohun ìní ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀ lóde. Àkọsílẹ̀ kan wà tí a ń pè ní NIID, tí a lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò lórí fóònù. Bí nọ́ńbà yín kò bá sí níbẹ̀, bébà lásán ni ẹ rà.

Àbá mi nìyí: kí ẹgbẹ́ yá wa ní gbọ̀ngàn yìí ní ọ̀sán Sátidé fún oṣù mẹ́ta. Àwa olùkọ́ yóò kọ́ni láìgba owó. Kí olúkúlùkù mú fóònù tirẹ̀ wá, kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀, kí ó má sì gbàgbé awò ojú sílé. Àwọn ìyá ọlọ́jà ni a ó fi ṣáájú, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ sì ni ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní.