Àyè fún Ọgbọ́n Inú Nínú Ilé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí nínú ọ̀sẹ̀ Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún ìjọ wa)

 

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ni a ti ń gbọ́ ìtàn àwọn tí ó ru iyanrìn àti òkúta tí a fi kọ́ ilé Ọlọ́run yìí. A ti dárúkọ àwọn àlùfáà, a ti dárúkọ àwọn olùkọ́, a sì ti dárúkọ àwọn tí ó fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí àwa wá bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan wá sí wa lọ́kàn. Àwọn tí ó rán aṣọ pẹpẹ àkọ́kọ́, àwọn tí ó gbẹ́ àga, àwọn tí ó fi ohùn tiwa kọ́ ìjọ ní orin, níbo ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà? Púpọ̀ nínú wọn kò kọ́ ọ ní ilé-ìwé kankan. Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ, lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá àti ìyá wọn. Àwọn àgbà a sì máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ rè òde. Ǹjẹ́ bí ilé bá ṣófo, kí ni àwọn ọmọ wa yóò kó rè òde ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀?

Kí a tó fún ẹlòmíràn ní ìmọ̀ràn, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa. Ó ti pẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, ọmọkùnrin tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà náà, mú ẹ̀wù ilé-ìwé rẹ̀ funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó bù nínú láfún tí ìyá wa àgbà rò, ó fi ìyẹ́ adìẹ ya àwòrán sí ẹ̀wù náà, ó sì rì í sínú ìkòkò aró. Nígbà tí a ti òde dé, ẹ̀wù náà ti gbẹ lórí okùn, ó dúdú. Inú bí wa gidigidi. A na ọmọ náà, a sì ju ẹ̀wù náà sínú iná. Ìyá wa àgbà kò gbà á lọ́wọ́ wa. Ó jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń wo iná náà títí ohun gbogbo fi di eérú, nígbà náà ni ó wá wí pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò tilẹ̀ wò ó kí ẹ tó sun ún." Òun ni ó sọ fún wa pé alángbá kan àti agogo ilé Ọlọ́run yìí ni ọmọ náà yà sí i.

Àwa kò wí pé kò yẹ ní ìbáwí. Ọmọ tí ó ba ẹ̀wù ilé-ìwé jẹ́ láìtọrọ àyè yẹ ní ìbáwí. Ohun tí a jẹ̀bi rẹ̀ ni pé a kò wò ó. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà kò ti súnmọ́ ìkòkò aró mọ́. Ìyá wa àgbà ti lọ sí ibi ìsinmi rẹ̀. A da ojú ìkòkò rẹ̀ dé ilẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, adìẹ ni ó ń sùn lórí rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé wa tí ó mọ bí a ti í ṣe aró. Ọmọ náà ti di bàbá ọmọ, ó sì ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ tirẹ̀ gbé ìwé wá bá a pé kí ó ya ẹyẹ fún òun. Ó dáhùn pé, "Ọwọ́ mi kì í ya nǹkan." Àwa méjèèjì tí a bí i wo ojú ara wa, a kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, a kò wá síhìn-ín bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. A wá bí ẹni tí ó ti pàdánù ohun kan, tí kò sì fẹ́ kí aládùúgbò òun pàdánù irú rẹ̀.

Ǹjẹ́ kí ni ọgbọ́n inú yìí? Kì í ṣe ti àwọn ọlọ́nà àti ti àwọn olórin nìkan. Agbára náà ni, tí ènìyàn fi ń mú ohun tí ó wà nílẹ̀, tí ó sì fi ń ṣe ohun tí kò sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ ìyá tí ó fi àkísà rán ìbora tí gbogbo ilé fi ń sùn. Ó wà lọ́wọ́ ọmọ tí ó fi agolo sàdíìnì ṣe ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ka Ìwé Ẹ́kísódù yóò rí i pé nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ kí a kọ́ àgọ́ Rẹ̀, Ó pe Bésálélì ní orúkọ, Ó sì fi Ẹ̀mí Rẹ̀ kún un fún iṣẹ́ wúrà, iṣẹ́ fàdákà, àti iṣẹ́ igi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti Dọ́káàsì ní Jọ́pà. Nígbà tí ó kú, àwọn ẹ̀wù tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni àwọn opó fi ń han Pétérù pẹ̀lú ẹkún. Olúwa wa pàápàá, ilé káfíńtà ni a ti tọ́ Ọ dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé àwọn baba wa. Ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn, inú agbolé ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe àdìrẹ. Ọmọbìnrin kò kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ìyẹ́ adìẹ. Omi ni ó kọ́kọ́ ń pọn, ó ń já ewé èlú, ó ń fi ìko di aṣọ fún àdìrẹ oníko, bí ó ti ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, a ó fi etí aṣọ kan lé e lọ́wọ́ pé kí ó ya ẹlẹ́kọ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rò pé àfarawé lásán ni iṣẹ́ náà. Nígbà tí a ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ní ọdún 1929, àwọn aláró wo àwọn òpó rẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n sínú àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Nígbà tí a ṣe Júbílì Ọba George Karùn-ún ní ọdún 1935, wọ́n gbé àwòrán ọba àti ayaba sórí aṣọ. Inú tiwọn ni wọ́n ti rò ó, ẹ̀yìn ilé tiwọn ni wọ́n sì ti ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni ti àlọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àlọ́ àpamọ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ta ọpọlọ jí, lẹ́yìn rẹ̀ ni àlọ́ àpagbè, tí gbogbo ọmọ yóò máa gbe orin rẹ̀. Nígbà tí ó bá kan ọmọ kékeré láti pa tirẹ̀, Ìjàpá a máa gba ọ̀nà tí kò gbà rí lálẹ́ àná. Àwọn àgbà yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì gbe orin náà. Wọn kò jẹ́ wí pé, "O ṣì í." Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun níye lórí.

Ìjọ wa pẹ̀lú ti jẹ nínú èso irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni T. K. E. Phillips, tí a bí ní ọdún 1884, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ atẹ-dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ti Oǹdó ni. Òun ni ó kọ́ wa pé ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ, kí a má baà máa kọ orin tí ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà lẹ́nu wa. Ó tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Ọmọ rẹ̀ ni ó sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí dùùrù náà. Fela Sowande, tí a bí ní ọdún 1905, àlùfáà tí ó fẹ́ràn orin ni bàbá rẹ̀, òun pẹ̀lú sì jẹ́ ọmọdé akọrin lábẹ́ Phillips. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ohùn ilẹ̀ wa fi wà nínú African Suite tí ó kọ ní ọdún 1944.

Ní Abẹ́òkúta ẹ̀wẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó wà láyé láti ọdún 1855 títí di ọdún 1930, fi orin Yorùbá wàásù títí ohùn rẹ̀ fi wọ inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìdílé yìí kan náà ni Fela Aníkúlápó-Kútì ti jáde. A kò wí pé gbogbo ohun tí ọmọ-ọmọ náà ṣe ni ìjọ lè fi ọwọ́ sí. Ohun tí a ń wí ni pé ilé tí bàbá-bàbá ti ń kọrin, tí bàbá sì ń tẹ dùùrù, kò lè ṣàìbí olórin. Ọmọ-ọmọ Àlùfáà náà ni ìyá Wọlé Ṣóyínká. Bàbá Ṣóyínká jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ti St. Peter's ní Aké, ilé rẹ̀ kún fún ìwé, ó sì kún fún àríyànjiyàn àwọn ọ̀rẹ́, ọmọ kékeré náà a sì máa jókòó gbọ́ ọ. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó fi tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, a kò sì lé e padà. Ní ọdún 1986 gbogbo ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀, nígbà tí a fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè wí pé, "Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọmọ àlùfáà àti ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé. Yàrá kan ṣoṣo ni àwa ń gbé." Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wá lọ́kàn. Àwa kò bèèrè yàrá kejì. Abẹ́ tábìlì tó, ẹ̀gbẹ́ ògiri tó. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Iṣẹ́ ilé-ìwé ni kí ọmọ dojú kọ, kí ó má baà di ọ̀lẹ." Àwa náà wí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi, tí ó bàjẹ́, tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀, ń kọ́ sùúrù. Ẹlòmíràn yóò wí pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè lọ́wọ́ ara wa, ta ni ó kọ́kọ́ gbé ojú lé e nínú ilé, ọmọ ni tàbí àwa?

Kí a má baà fa ọ̀rọ̀ gùn, ohun márùn-ún ni a bẹ̀ yín sí.

Èkíní, ẹ yan ibì kan nínú ilé, bí ó ti wù kí ó kéré, tí ọmọ lè fi ṣe ìdọ̀tí, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a mọ́ bí ó bá parí.

Èkejì, ẹ yà alẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kí a pa tẹlifíṣọ̀n, kí a sì kó gbogbo ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sínú igbá kan, ti bàbá ni kí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Kí a pa àlọ́, kí a kọrin, kí a rán nǹkan.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe ju ohun gbogbo nù. Àkísà, páálí, okùn, èèpo igi, ohun èlò ni wọ́n jẹ́ fún ọmọdé.

Ẹ̀kẹrin, kí àwa àgbà ṣe é pẹ̀lú wọn, kí a sì jẹ́ kí wọ́n rí i nígbà tí tiwa bá bàjẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó ga jù fún wa, ẹ wò ó. Kí ẹ tó yìn ín, kí ẹ tó bá a wí, ẹ gbé e lọ́wọ́, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì bèèrè pé, "Kí ni èyí tí o ṣe yìí, ọmọ mi?" Ìbáwí lè dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ràn wá lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa mú ohun tí ó ṣe wá síwájú ìjọ ní Ọjọ́ Ìkórè, kí a gbà á pẹ̀lú iṣu àti àgbàdo. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi rẹ́rìn-ín.

Ní ti ilé tiwa, a ti gbé ìkòkò náà dúró, a sì ti fọ̀ ọ́. Ìyá arúgbó kan tí ó mọ iṣẹ́ aró ti gbà láti wá kọ́ wa lẹ́yìn àjọ̀dún yìí. Ọmọ wa ọkùnrin náà wí pé òun yóò bá ọmọ òun jókòó. Nígbà tí a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀wù ọjọ́sí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, Ìyá, mo rò pé ẹ ti gbàgbé." A kò mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ yóò tún mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun méjì wà nílẹ̀, a sì ti wí fún àwọn méjèèjì pé kí wọ́n ya ohun tí ó bá wù wọ́n.

Kí Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá, tí ó dá ohun gbogbo, tí ó sì wò ó pé ó dára, kọ́ wa láti máa wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Kí ó bù kún ilé wa àti ìjọ yìí di ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn. Àmín.