ỌKỌ̀ ÌJÀPÁ BÀBÁ WA: BÍ A ṢE LÈ TÚN Ọ̀PÁ GÍÀ RẸ̀ ṢE LÁÌBA OJÚLÓWÓ RẸ̀ JẸ́

  Nígbà tí àwọn kan gbọ́ orí ọ̀rọ̀ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ló wà nínú ọ̀pá gíà tí èèyàn yóò fi dìde dúró sọ. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

ÌDÍ Ọ̀RỌ̀

Púpọ̀ nínú wa tí a ń gbé Benin City yìí ni ọkọ̀ àtijọ́ kan jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá wa, yálà níbí tàbí nílé, l'Óǹdó, l'Ékìtì, l'Ọ́yọ̀ọ́. Bí kò bá jẹ́ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, a jẹ́ pé Peugeot 504 ni. Àwọn ọmọ ti ń fẹ́ jí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí dìde báyìí, inú mi sì dùn sí i. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni ọ̀nà tí a ń gbà jí wọn. A ó gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, a ó ní kí ó mú gbogbo rẹ̀ dán. Wọn a ha ọ̀dà àtijọ́ dànù, wọn a fi kúróòmù bo ọ̀pá gíà tí kò ní kúróòmù rí, wọn a fi orí gíà ọkọ̀ mìíràn dé e. Nígbà tí ó bá parí, a ó ní ó ti di tuntun. Ó di tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ bàbá wa mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ẹ wò ó kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ohun tí a bá ti ha dànù kò ṣeé rà padà, bí owó wa ti wù kó pọ̀ tó.

IBI TÍ ÀWỌN ỌKỌ̀ YÌÍ TI WÁ

Ìjàpá wà lára àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ jù lọ lóde. Jámánì ló ti bẹ̀rẹ̀, ìlú Puebla ní Mẹ́síkò sì ni èyí tó gbẹ̀yìn ti jáde ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003. Iye tí wọ́n ṣe lápapọ̀ jẹ́ 21,529,464. Àwa náà ní ìpín nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Òjó, lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó. Ní oṣù kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna. Ọwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ló de àwọn bóòtù náà.

Kí ẹ sì rántí pé kì í ṣe Jámánì nìkan ni a ti ń mú àpẹẹrẹ ọkọ̀ wá sí Òjó. Èyí tí a mọ̀ sí Igala níbí, Brasília ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ Bràsíìlì tí ó ti ṣẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé Jámánì bá sọ pé báyìí ni nǹkan rí, ó lè má rí bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ tí a tò ní Òjó. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Bí a bá fọ ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́, ta ni yóò sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ojú ọ̀nà ni a ń gbà ní Nàìjíríà, ọwọ́ ọ̀tún ọkọ̀ sì ni sítíárì ń wà. Àwọn bàbá wa tó wa ìjàpá nígbà náà, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń yí gíà. Láti ọjọ́ náà ni a ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà. Nínú ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń di ọ̀pá gíà mú. Ibi tí ọwọ́ ti ń kan orí gíà fún ogún ọdún máa ń jẹ, ẹni tó bá fara balẹ̀ lè rí i. Ìtàn ìlú ni ó wà lára ike kékeré yẹn.

Ó yẹ kí àwa tí a ń gbé ìlú yìí tètè lóye èyí. Ẹ lọ sí Igun Street, kí ẹ wo àwọn oníṣẹ́ idẹ. Wọn a fi ìda mọ ère, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a yọ ìda náà nínú iná, wọn a wá da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ère ni wọ́n ń fá kí ó máa kọ mọ̀nà. Oníṣẹ́ ló mọ èyí tó yẹ kó dán àti èyí tó yẹ kó ṣókùnkùn.

BÍ A ṢE Ń WÒ Ó

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ọ̀pá náà láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, ẹ ká rọ́bà tó wà nídìí rẹ̀ sókè. Oòrùn kò dé abẹ́ ibẹ̀, ọwọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kàn án, níbẹ̀ ni àwọ̀ àkọ́kọ́ ń sá pamọ́ sí. Ẹ wo abẹ́ orí bóòtù pẹ̀lú. Bí ẹ bá fura pé wọ́n ti kun ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ fi sáńpépà tó kúnná jù tí ẹ rẹ sínú omi fá ibi tí kò ju èékánná lọ. Àwọn ọ̀dà náà yóò jáde ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Èyí tó sún mọ́ irin jù ni ti ilé iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Lára púpọ̀ nínú ìjàpá àsìkò 1975 wọ̀nyẹn, ọ̀dà dúdú ni ẹ óò bá lára ọ̀pá, orí gíà rẹ̀ a sì dúdú pẹ̀lú. Kò kọ mọ̀nà, kì í sì í ṣe àléébù. Dúdú kì í jẹ́ kí oòrùn ta sí awakọ̀ lójú.

TÍTÚ ÀTI ÌWẸ̀NÙMỌ́

Ẹ fi òkúta dí táyà, kí ẹ sì fa bíréèkì ọwọ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí orí gíà kúrò. Bí ó bá le, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi gbígbóná wé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá fi páláyà fún un, ó ti fọ́ nìyẹn. Bóòtù méjì ló de ìdí ọ̀pá mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Kí ẹ tó tú wọn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fàlà yí ìdí náà ká, nítorí bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, gíà yóò ṣòro wọlé. Bí ẹ bá gbé ọ̀pá jáde, ẹ óò rí sípíríǹgì àti irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ yẹn ni kì í jẹ́ kí awakọ̀ ṣèèṣì kó sínú rìfáàsì. Ẹ sàmì sí èyí tó kọjú sókè àti èyí tó kọjú síwájú.

Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ gírísì àtijọ́, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, tí kò sí iná. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ nǹkan, ẹ jọ̀ọ́. Ti rọ́bà yàtọ̀: omi àti ọṣẹ ni tirẹ̀, nítorí epo máa ń mú un wú.

ÀÌSÀN GÍÀ KÌ Í SÁBÀ SÍ NÍNÚ GÍÁBỌ́Ọ̀SÌ

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ó lè gba owó yín lọ́wọ́ òfò. Bí ọ̀pá gíà ìjàpá bá ń mì bí igi inú ọbẹ̀, tí ẹ ń wá gíà kejì tí ẹ kò rí i, púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì yóò ní kí ẹ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Irin gígùn kan gba inú ihò àárín ilẹ̀ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Búùṣì kékeré kan ló gbé e dúró níwájú, rọ́bà sì wà níbi tí ó ti so mọ́ gíábọ́ọ̀sì, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Bí búùṣì yẹn bá jẹ, tàbí rọ́bà yẹn bá gé, àìsàn tí ẹ rò pé ó wà nínú gíábọ́ọ̀sì ni yóò fi ara hàn. Ẹ yẹ ibi méjèèjì wò ná. Ẹ lè wá wọn lọ sí Uwelu tàbí Evbareke, ṣùgbọ́n ẹ mú ti àtijọ́ dání, kí ẹ fi wé e.

ÀWỌ̀ TÓ TỌ́

Bí ọ̀dà àkọ́kọ́ bá ṣì dì mọ́ irin dáadáa, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ pa á lára díẹ̀, ó tán. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ibi tó bàjẹ́, ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ẹ tó wá kun dúdú tí kò dán jù. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí èkejì tó tẹ̀lé e. Ẹ má kun ibi roboto tó ń yí nínú ìdí rẹ̀. Gírísì ni oúnjẹ tibẹ̀.

Bí ẹ̀rí bá fi hàn pé kúróòmù ni ọkọ̀ yín gbé wá, kúróòmù ni kí ó padà sí. Ṣùgbọ́n kúróòmù nìkan kọ́ ló ń dán. Bàbà ni wọ́n sábà máa ń fi tẹ́ ìsàlẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì á bọ́ sí orí rẹ̀, kúróòmù fẹ́lẹ́ á wá bò wọ́n. Bí irin kò bá dán lábẹ́, gbogbo ihò rẹ̀ ni yóò hàn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki sípíríǹgì bọ omi kúróòmù, nítorí ó lè sọ irin líle di ohun tó ń ṣẹ́ lójijì. Omi kúróòmù náà jẹ́ májèlé tó lè fa jẹjẹrẹ. Kì í ṣe ohun tí a ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé tí ọmọdé ń gbà kọjá, a kì í sì í dà á sí gọ́tà.

DÍDÁ A PADÀ

Ẹ fi gírísì díẹ̀ sí ibi tó ń yí, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí àmì yín. Kí ẹ tó fún bóòtù méjèèjì pinpin, ẹ dán gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì ní títẹ̀. Rìfáàsì kò gbọdọ̀ wọlé àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀. Bí ó bá wọlé láìtẹ̀ ẹ́, ẹ sún ìdí ọ̀pá díẹ̀, ẹ tún dán an wò. Ẹ má gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sójú títì.

Ẹ fi ohun tí ẹ yọ kúrò sínú ọ̀rá, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ọkọ̀.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn mẹkáníìkì tó mọ inú ọkọ̀ wọ̀nyí ń dàgbà, púpọ̀ ti lọ. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù, kí wọ́n fi ojú rí i, kí wọ́n sì fi ọwọ́ kàn án. Ọmọ tó bá mọ bí a ti ń wo ọ̀pá gíà kí ó tó fọ̀ ọ́, yóò mọ bí a ti ń wo ilé àtijọ́ kí ó tó wó o, àti bí a ti ń bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀nà yóò rọ̀ wá lọ́rùn o. A ò ní rí àgbákò lójú títì.