Ọmọ Tí Ń Ṣe Ara Rẹ̀ Léṣe
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́)



Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n àwa tí ń bẹ ní ilé ìwé kò lè dákẹ́ mọ́. Ọmọ kan a máa wọ aṣọ alápá gígùn nígbà tí oòrùn ń mú ganrínganrín. Bí a bá ní kí ó ká a sókè, a bú sẹ́kún. Ọgbẹ́ ni ó ń fi pamọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó sì fi dá a. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà kò yọ sílẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ ń rò ni pé ọmọ náà fẹ́ kú, tàbí pé ayé ni ó ń ṣe é. Àwọn oníṣègùn tí ó ti wádìí rẹ̀ sọ pé lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ikú ni ó ń wá. Ìbànújẹ́, ìbínú tàbí ìtìjú ni ó kún inú rẹ̀ dé ibi tí kò lè fi ẹnu sọ ọ́. Ó ń wá ọ̀nà tí ọkàn rẹ̀ yóò fi fúyẹ́. Ìfúyẹ́ náà kì í pẹ́, ìtìjú a sì tún gorí ẹrù ti tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 12 sí 14 ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Pàṣán kò wo èyí sàn rí. Ẹ̀rù ọlọ́pàá sì ń ba àwọn òbí mìíràn, nítorí òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ ní 1916 fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan lé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Wọ́n a wá ti ọmọ mọ́lé. Ẹni tí kò wá ikú kọ́ ni òfin náà ń bá wí. Síbẹ̀, kí a má fojú kékeré wò ó: ewu pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbìyànjú ikú lẹ́yìn ọ̀la pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyá tí ó bá rí ọgbẹ́ náà, kí ó wẹ̀ ẹ́, kí ó dì í, kí ó má pariwo. Kí ó jókòó ti ọmọ, kí ó bi í ní ohun tí ń dùn ún. Kí ó bi í gbangba bí ó bá ń ro ikú. Ìbéèrè kì í fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn ènìyàn wa a máa fi orúkọ Aró bú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ níbẹ̀ ní 1954, àárín abúlé ni àwọn aláìsàn ń gbé, tí ìbátan wọn ń dáná fún wọn.

A bẹ Ẹgbẹ́ kí ó yọ díẹ̀ nínú owó ilé ìwé, kí a fi pe nọ́ọ̀sì tí ó mọ ìtọ́jú ọkàn láti bá àwọn olùkọ́ àti àwọn ìyá sọ̀rọ̀ kí sáà tí ń bọ̀ tó wọlé.