Ojú Irin Ìlú Yubari

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jìnnà sí ilé, ṣùgbọ́n ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ojú irin kan ni, ní erékùṣù Hokkaido, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Japan, níbi tí òtútù ti ń mú tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín fi ń bo òrùlé.

Àárín òkè ni Yubari wà. Ní ọdún 1888 ni wọ́n rí èédú púpọ̀ nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe èédú tí àwọn ìyá wa fi ń yan àgbàdo o. Èyí dà bí òkúta, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, iná rẹ̀ sì gbóná jọjọ. Ọkọ̀ òkun ń lò ó, rélùwéè ń lò ó, àwọn tí ń yọ́ irin ń lò ó.

Ṣùgbọ́n èédú tó wà láàárín òkè, tí kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò rà á, kí ni èrè rẹ̀? Ilé iṣẹ́ tí ń wa èédú náà bá la ojú irin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1892, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti Oiwake dé Yubari. Láti Oiwake ni èédú ti ń lọ sí èbúté Muroran, tí ọkọ̀ òkun ń gbé e lọ. Ní ọdún 1906, ìjọba gba ojú irin náà.

Ìlú wá gbèrú. Kòtò èédú níbẹ̀ ju 20 lọ. Nígbà tí ó di ọdún 1960, àwọn tí ń gbé Yubari ju 116,000 lọ. Ojú irin yìí ni ilẹ̀kùn ìlú. Àbí ẹ ò rí i, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbẹ́kẹ̀ lé. A kò dá wọn lẹ́bi. Ta ni yóò rí owó nílẹ̀ tí yóò ní òun kò mú?

Lẹ́yìn náà epo rọ̀bì gba ipò èédú, èédú tí ń ti òkè òkun wá sì dín owó. Wọ́n ń ti àwọn kòtò pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1981, ohun méjì ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù náà, wọ́n ṣí ojú irin tuntun tó la àwọn òkè kọjá lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Tésàn Shin-Yubari ni ọkọ̀ tí ń sáré ń gbà kọjá, kò yà wọ inú Yubari. Bí ojú irin ìlú ṣe di ẹ̀ka nìyẹn, kìlómítà 16.1 péré. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kan náà, gáàsì tú jáde nínú kòtò ńlá kan, iná sì sọ. Ènìyàn 93 ló kú. Nígbà tí iná kò kú, wọ́n da omi sínú kòtò náà, bẹ́ẹ̀ ènìyàn 59 ṣì wà nínú rẹ̀ tí wọn kò tíì rí. Ẹ̀yin tí ọkọ yín tàbí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ eléwu, ẹ mọ bí èyí ti rí. A kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1990, kòtò tó kẹ́yìn kógbá sílé. Ìjọba ìlú yá owó, wọ́n kọ́ ibi ìgbafẹ́ kí àlejò lè máa wá. Wọ́n tilẹ̀ gbé tésàn kúrò ní ipò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi dé ẹsẹ̀ òkè tí wọ́n ti ń ṣeré lórí yìnyín. Àlejò kò tó. Wọ́n ń fi gbèsè san gbèsè, wọ́n sì ń fi í pamọ́ nínú ìwé, títí àṣírí fi tú ní ọdún 2006. Gbèsè náà ju bílíọ̀nù 35 yen lọ, ìyẹn owó Japan. Ọsibítù tó ní ibùsùn 171 di èyí tó ní 19. Wọ́n pa gbogbo iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Àwa tí a ti ṣe ọ̀gá iléèwé mọ ohun tí èyí jẹ́: ọmọ tí ń fi ẹsẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ yóò nílò ọkọ̀.

Ní ọdún 2011, wọ́n dìbò yan Suzuki Naomichi, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ṣe olórí ìjọba ìlú. Kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba Tokyo ni wọ́n fi rán an wá ní 2008. Ilé iṣẹ́ JR Hokkaido ló ni ojú irin nígbà náà, láti ìgbà tí wọ́n ti pín rélùwéè ìjọba ní 1987. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni ọkọ̀ ń lọ tó ń bọ̀ lójúmọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, Suzuki lọ bá wọn, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀ka náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n ran ìlú lọ́wọ́ nípa ọkọ̀ mìíràn.

Ẹnìkan lè bi wá pé, olórí wo ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ìlú? Igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Bí ó bá dúró títí wọn yóò fi pa á, ọwọ́ òfo ni ìbá bá lọ sílé. Ní ọdún 2018 wọ́n fi ẹnu kò: mílíọ̀nù 750 yen fún ìrìnnà ìlú fún ogún ọdún, àti bọ́ọ̀sì tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Lójú tiwa, ó ṣe é dáadáa. Ibi kan ṣoṣo ló ń kọ wá lóminú: bí ogún ọdún bá pé ń kọ́?

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2019 ni ọkọ̀ rìn kẹ́yìn. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà ju bí ó ti ń pọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí. Ọjọ́ òkú ni ẹbí ń pé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Suzuki wọlé ìbò gómìnà Hokkaido, kò sì sí ní Yubari láti bá wọn wọ bọ́ọ̀sì.

Àwọn tó kù ní ìlú kò tó 10,000 mọ́. Ní 2020, wọ́n ṣí ilé tuntun kan ní Minami-Shimizusawa, ní àdúgbò tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, nínú ooru, kí yìnyín má pa wọ́n. Ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ẹni tí ń dúró de ọkọ̀ lè mú kà.